Èkùrọ́ Nínú Ọkọ̀ Àǹtí Bísí

Bí ẹnikẹ́ni ní Ìfọ́n bá mọ Àǹtí Bísí, kí ó jọ̀ọ́ bá mi ka ìwé yìí sí i létí. Mi ò kọ orúkọ bàbá rẹ̀ sí i, nítorí bàbá náà kò ṣẹ̀ mí. Òun fúnra rẹ̀ á mọ̀ pé òun ni mò ń bá wí. Nílé, irú èmi ò gbọdọ̀ pe ẹni tó jù mí lọ ní "ó". "Wọ́n" ni mo pe Àǹtí Bísí fún ọdún méjì àti oṣù mẹ́rin tí mo fi gbé lọ́dọ̀ rẹ̀. Nínú ìwé yìí, "ó" ni màá máa pè é.

Mi ò kàwé púpọ̀. Kíláàsì kejì ní sẹ́kọ́ńdìrì ni mo dé, ní Ìlobù, tí bàbá mi fi kú. Mi ò sì lẹ́nu ọ̀rọ̀. Bí àlejò bá wọlé wa, ẹ̀yìn ìlẹ̀kùn ni ẹ ó ti bá mi. Ìyá mi ń pa èkùrọ́ tà fún àwọn tó ń ṣe àdín, èmi náà sì ń bá a pa á láti kékeré, lórí òkúta kan náà lẹ́yìn ilé. Ẹni tó bá ń pa èkùrọ́ mọ̀ pé ó gbọ́dọ̀ gbẹ kí á tó pa á. Bí kò bá gbẹ, ọmọ inú rẹ̀ á lẹ̀ mọ́ èésan tó bò ó, á sì fọ́ wẹ́wẹ́. Bí o bá fẹ́ mọ èyí tó gbẹ, wàá mì ín létí. Èyí tó bá dún kótókótó ti tó pa. Nígbà tí mo fi máa pé ọmọ ọdún mẹ́wàá, mo lè bu ẹ̀kúnwọ́ kan, kí n mì ín lẹ́ẹ̀kan, kí n sì sọ fún ìyá mi pé méjì nínú rẹ̀ ṣì tutù. Kì í jiyàn. Á kàn ní kí n ṣà wọ́n sọ́tọ̀.

Àwọn tó ti ròyìn ìlú òyìnbó fún mi ní òtútù ló máa kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù. Kì í ṣe òtútù. Ìdákẹ́jẹ́ ni. Ní àdúgbò Àǹtí Bísí, mo máa ń gbọ́ bí ẹni tó wà nílé kejì ṣe ń fi ṣíbí ro tíì. Mo máa ń gbọ́ fíríìjì tó ń mí. Bọ́ọ̀sì tó ń gbé wa láti Ìlobù lọ sí Òṣogbo, ìlẹ̀kùn rẹ̀ ń dún, ìjókòó rẹ̀ ń dún, páálí tí wọ́n fi dí fèrèsé rẹ̀ ń dún, kò sì sẹ́ni tó ń yíjú wò ó. Bí gbogbo rẹ̀ bá dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà ni ọkàn wa máa ń já, nítorí á jẹ́ pé ẹ́ńjìnnì ti kú nìyẹn. Ṣùgbọ́n níbí, ariwo kékeré kan tí kò ju ìka ọwọ́ lọ tó láti mú àgbàlagbà kọ lẹ́tà ẹ̀sùn.

Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ ló ń wá sọ́dọ̀ Àǹtí Bísí.

Ọmọ àbúrò bàbá ìyá mi ni. Ìfọ́n ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ náà ló sì ti lọ sí ilé-ẹ̀kọ́. Ó ní ọkọ̀ mẹ́ta tó ń yá àwọn òyìnbó tó bá fẹ́ lọ gbafẹ́. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ lásán. Bẹ́ẹ̀dì wà nínú rẹ̀, sítóòfù wà, ẹ̀rọ omi wà, kọ́bọ́ọ̀dù wà lókè àti nísàlẹ̀. Káńpà ni wọ́n ń pè é. Wọ́n á wà á lọ sí etí òkun, wọ́n á sì sùn sínú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan, bẹ́ẹ̀ wọ́n ní ilé tó dára. Nígbà tí mo ṣàlàyé rẹ̀ fún ìyá mi lórí fóònù, ó ronú díẹ̀, ó ní, "Ṣé òrùlé wọn ń jò ni?"

Iṣẹ́ télọ̀ ni Àǹtí Bísí ní òun máa kọ́ mi. Òun fúnra rẹ̀ ló wá sí Ìlobù wá sọ ọ́, ó jókòó sórí àga wa, ó mu omi wa. Ní ọjọ́ kejì tí mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó ní, "Gbé pásípọ́ọ̀tù ẹ wá kí n bá ẹ tọ́jú ẹ̀. O ò tíì mọ ibí." Mo kúnlẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un, mo tún dúpẹ́. Nínú gbogbo ohun tó ti ṣe mí, ọpẹ́ yẹn ló ń dùn mí jù.

Mi ò rí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ilé rẹ̀ ni mò ń tọ́jú, ọkọ̀ rẹ̀ ni mò ń fọ̀. Bí àwọn tó yá ọkọ̀ bá ti dá a padà, màá pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, màá fọ sítóòfù, màá fọ ibi tí wọ́n ń yàgbẹ́ sí, kí àwọn mìíràn tó dé lọ́sàn-án. Mo béèrè pásípọ́ọ̀tù mi lẹ́yìn oṣù mẹ́ta. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ méjì tí mo ti ń kọ́ bí màá ṣe sọ ọ́.

"Pásípọ́ọ̀tù?" ló wí. "Kí lo fẹ́ fi ṣe? Ṣé ọba ìlú yìí ló ránṣẹ́ pè ẹ́?"

Mi ò tún béèrè mọ́ fún ìgbà pípẹ́. Láìsí ìwé yẹn, mi ò lè lọ sílé, mi ò sì lè lọ síbòmíràn. Kò sí ẹni tó máa gbà mí síṣẹ́, kò sí ẹni tó máa fún mi ní yàrá. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ìdí tó fi gbà á nìyẹn.

Ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, bí ìyá mi bá ti dé láti mọ́ṣáláṣí, á gba fóònù aládùúgbò wa, á fi pè mí. Àǹtí Bísí á jókòó tì mí.

"Ṣé o wà dáadáa?"

"Mo wà dáadáa, Ìyá."

"Ṣé ẹ ti ń rán aṣọ?"

"A ti ń bẹ̀rẹ̀, Ìyá."

"Alihamudulilahi. Bá mi kí Bísí. Sọ fún un pé Ọlọ́run á bá wa san án fún un."

Mo máa ń jẹ́ iṣẹ́ náà fún un bó ṣe wà. "Ìyá mi ní Ọlọ́run á bá àwọn san án fún yín." Á ní àmín.

Èyí tó dàgbà jù nínú àwọn ọkọ̀ náà ló ń fa ẹ̀sùn. Gbogbo ẹni tó bá yá a ló ń sọ pé ó ń dún, pé àwọn ò gbádùn ìrìn àjò àwọn. Àǹtí Bísí gbé e lọ fún mẹkáníìkì méjì. Àwọn yẹn wo ẹ́ńjìnnì, wọ́n wo táyà, wọ́n ní kò sí nǹkan kan. Ló bá kọjú sí mi. Ó ní èmi ni mò ń ju nǹkan mọ́ ara ọkọ̀ nígbà tí mo bá ń fọ̀ ọ́. Ó ní ọwọ́ mi le bí ọmọ odó.

Lọ́jọ́ kan, àwọn tọkọtaya kan dá ọkọ̀ náà padà lọ́jọ́ kejì tí wọ́n yá a. A lọ gbé e níbi tí wọ́n gbé e kalẹ̀ sí. Ìyàwó náà rọra sọ̀rọ̀, ó tiẹ̀ ń bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n ó ní orí ń fọ́ òun nítorí ariwo. Bí wọ́n ti lọ, Àǹtí Bísí ṣí ìlẹ̀kùn ẹ̀yìn.

"Wọlé. Kúnlẹ̀ síbẹ̀ yẹn. Gbé ọwọ́ ẹ sókè."

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́."

"Mo ní gbé ọwọ́ ẹ sókè. Títí a ó fi délé."

Ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún ni mí. Ìgbà tí wọ́n fi irú ìyà yẹn jẹ mí kẹ́yìn, mo ṣì wà ní alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo kúnlẹ̀ sáàárín sítóòfù àti bẹ́ẹ̀dì, mo nawọ́ sókè, ó sì ń wa ọkọ̀ lọ. Omi ojú mi ń kán sílẹ̀, mi ò sì lè nù ún.

Ibẹ̀ ni mo ti gbọ́ ọ. Lóòótọ́, ẹni tó jókòó níwájú, gbogbo rẹ̀ ló máa ń dà pọ̀ sí i létí. Ṣùgbọ́n èmi wà láàárín rẹ̀. Ṣíbí àti fọ́ọ̀kì ń sọ ṣẹ́ẹ́rẹ́ṣẹ́ẹ́rẹ́ nínú dúrọ́ọ̀. Páànù tí wọ́n fi ń yan búrẹ́dì ń sọ jàn-ìn jàn-ìn lábẹ́ sítóòfù. Irin bẹ́líìtì ìjókòó tí kò sẹ́ni tó dè é ń gbá ògiri ní gbogbo ìgbà tí a bá yà sí ọ̀tún. Ìlẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù òkè kan ń mì tìtì, ṣùgbọ́n ẹyọ kan ni. Mo ń ṣà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan, bí mo ṣe ń ṣa èkùrọ́ tútù kúrò nínú gbígbẹ. Ó wá ku ọ̀kan tí etí mi ò lè mú. Orúnkún mi ló mú un. Bí táyà bá ti wọ kòtò, nǹkan kan á kan pátákó ilẹ̀ láti ìsàlẹ̀, gbọ̀, lábẹ́ orúnkún òsì mi gan-an.

Nígbà tí a délé, apá mi ti kú. Mo ní, "Àǹtí, mo mọ ibi tó ti ń dún."

Ó wò mí láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Mẹkáníìkì méjì ò rí i, ìwọ ọmọ elékùrọ́ lo máa rí i?"

"Mo mọ̀ ọ́n, Àǹtí."

"Ó dáa." Ó ń rẹ́rìn-ín. "Tí ọkọ̀ yìí bá dákẹ́, màá gbé pásípọ́ọ̀tù ẹ fún ẹ. Ọlọ́run gbọ́."

Ọlọ́run ló fi búra. Ẹ rántí o.

Ọjọ́ méjì ni mo fi ṣe é. Mo gé ìdajì ìró mi àtijọ́, mo tẹ́ ẹ sínú dúrọ́ọ̀, mo fi ìyókù wé páànù. Mo so bẹ́líìtì mọ́ ìjókòó. Mo fún ìdè ìlẹ̀kùn òkè le, mo fi pépà rírọ̀ sí ibi tó ti ń kan igi. Èyí tó wà nísàlẹ̀, mo fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ ọkọ̀ nínú ẹrẹ̀ kí n tó rí i. Àtẹ̀gùn kékeré kan wà lẹ́nu ọ̀nà tí wọ́n máa ń fà jáde bí wọ́n bá fẹ́ sọ̀ kalẹ̀. Rọ́bà tó yẹ kó gbà á dúró ti já bọ́, ó wá ku irin lásán. Mo gé àtẹ́lẹsẹ̀ sìlípáàsì mi kan, mo fi dí ibẹ̀ bí àwọn mẹkáníìkì ilé wa ṣe máa ń fi táyà ògbólógbòó ṣe. Lẹ́yìn náà mo kúnlẹ̀ sínú rẹ̀ fúnra mi, mo ní kí Àǹtí Bísí wà á gba ọ̀nà tí kò dára.

Kò dún rárá. Ó rìn bí ìgbà tí ológbò bá ń rìn. Mo ti gbàgbé ìgbà tí inú mi dùn bẹ́ẹ̀ kẹ́yìn. Mo gbọ́ tí ó ń sọ fún oníbàárà kan lórí fóònù pé òun fúnra òun ló wá ibi tó ti ń dún rí. Èyí kò tiẹ̀ dùn mí. Ohun tèmi ni mò ń retí.

Mo dúró di ìgbà tó jẹun tán. Mo kúnlẹ̀. "Àǹtí, ọkọ̀ ti dákẹ́."

"Ẹn-ẹn, o gbìyànjú."

"Ẹ ní ẹ máa fún mi ní pásípọ́ọ̀tù mi."

Ó yọ nǹkan kúrò láàárín eyín rẹ̀. "Ìwọ ọmọ yìí, o ò mọ àwàdà. Aṣọ lo kàn fi wé ṣíbí, o wá fẹ́ gba pásípọ́ọ̀tù. Lọ palẹ̀ àwo mọ́. Lọ́la wàá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe méjì yòókù."

Mo palẹ̀ àwo mọ́. Mo fọ̀ wọ́n. Mo ṣe méjì yòókù, mo ṣe wọ́n dáadáa. Ṣùgbọ́n nǹkan kan ti kúrò nínú mi tí kò padà wá títí dòní, mi ò sì fẹ́ kó padà.

Àpò tí mo fi kó ẹrù wá láti Ìlobù, òun ni ìyá mi fi ń kó èkùrọ́ kí ó tó fọ̀ ọ́ fún mi. Mẹ́rin ti há sínú aṣọ inú rẹ̀. Mo ti rí wọn tipẹ́, mo fi wọ́n síbẹ̀ nítorí òórùn wọn. Mo wá kó wọn jáde, mo mì wọ́n létí. Gbogbo wọn ti gbẹ.

Àǹtí Bísí ti sọ ọkọ̀ àgbà yẹn di tara rẹ̀, ó ń gbé e lọ ṣọ́ọ̀ṣì, ó ń fi han àwọn ènìyàn pé ẹ gbọ́ bó ṣe dákẹ́. Mo fi ẹyọ kan sínú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan mo fi ìkejì sí i, ìkẹta, ìkẹrin. Ẹni tó bá ti mọ bí a ṣe ń yọ ariwo kúrò lára ọkọ̀ ti mọ bí a ṣe ń fi í síbẹ̀. Mi ò fi wọ́n sí ibi tó lè ṣe ọkọ̀ ní jàǹbá.

Lọ́jọ́ Ìsinmi àkọ́kọ́, bí a ti yà ní ìkóríta, ó yí orí.

"Kí nìyẹn?"

"Kí ni, Àǹtí?"

"O ò gbọ́?"

"Mi ò gbọ́ nǹkan kan, Àǹtí."

Ó dá ọkọ̀ dúró. Ariwo náà dúró. Ó tún wà á, ó tún dún. Ó ní kí n lọ kúnlẹ̀ sẹ́yìn kí n tẹ́tí. Mo kúnlẹ̀, mo tẹ́tí, mo ń gbọ́ ọ kótókótó bí ẹni pé mo wà lẹ́yìn ilé wa. Mo ní, "Mi ò gbọ́ o, Àǹtí. Ó dákẹ́."

Mo ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ó gbé obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì rẹ̀ kan wọ ọkọ̀ kó lè bá òun gbọ́ ọ, ṣùgbọ́n obìnrin náà kò dákẹ́ ọ̀rọ̀ sísọ láti ibi tó ti wọlé. Mẹkáníìkì ní kò sí nǹkan kan, ó wá ń wò ó bí ẹni tó ń ṣàìsàn. Àǹtí Bísí bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá mo gbọ́ fíríìjì tó ń dún nínú ilé, bóyá mo gbọ́ aago. Ó ta òróró àdúrà sára ọkọ̀, ó fi pa sítíárìn títí tí ó fi ń yọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Mo fi aṣọ nù ún kúrò fún un. Mo ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Àǹtí." Mi ò ní purọ́, ó dùn mọ́ mi ju oúnjẹ lọ.

Níkẹyìn kò fọkàn tán ọwọ́ mi mọ́, ó ní òun fúnra òun ló máa tú kọ́tìnnì ọkọ̀ náà fọ̀. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó ṣe fa irin kọ́tìnnì yọ, èkùrọ́ kan bọ́ sílẹ̀, ó yí lọ sábẹ́ sítóòfù, ó yí padà wá.

Ó dúró gbagidi. Lẹ́yìn náà ó mú ẹ̀mú tí wọ́n fi ń yí ẹran, ó fi gbé èkùrọ́ náà sókè, ó na apá rẹ̀ jìnnà sí ara.

"Èkùrọ́," ló wí. "Nílùú òyìnbó." Ó wá wò mí. Ètè rẹ̀ ti funfun. "Ìyá ẹ."

Ó yẹ kí n sọ pé ọwọ́ mi ni. Mi ò sọ ọ́. Mo wo ilẹ̀ bí mo ṣe máa ń wò ó tẹ́lẹ̀, òun náà sì rò pé ìtìjú ni.

Ojú ẹsẹ̀ ló pe Ìlobù, aládùúgbò wa sì gbé fóònù fún ìyá mi. Ó tẹ fóònù kí ohùn ìyá mi lè jáde síta, nítorí kò fẹ́ gbé e mọ́ etí rẹ̀. Mo ń gbọ́ àwọn adìyẹ wa.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ọ̀sán."

"O kú ọ̀sán, Bísí. Ṣé àlàáfíà ni? Òní kì í ṣe Jímọ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ni mo fi ṣe yín? Mo gbé ọmọ yín wá sí ìlú òyìnbó. Kí ni mo fi ṣe yín tí ẹ fi ń fi nǹkan ránṣẹ́ sí mi?"

"Kí ni mo fi ránṣẹ́?"

"Mo rí i. Mo rí èkùrọ́ yín nínú mọ́tò mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló ti ń dún sí mi lórí."

Ìyá mi ní, "Ó ń dún?"

"Ó ń dún, Ẹ̀gbọ́n."

"Á jẹ́ pé ó ti gbẹ."

Àǹtí Bísí jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì ọkọ̀ náà. Ìyá mi tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. "Ọmọ mi ńkọ́? Òun náà ń gbọ́ ọ?"

"Ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Èmi nìkan ni mò ń gbọ́ ọ."

Mo mọ ohun tí ìyá mi ń rò. Ọmọ rẹ̀, tó lè gbọ́ èkùrọ́ tútù méjì nínú ẹ̀kúnwọ́, ní òun ò gbọ́ nǹkan kan. Ọdún méjì ni mo fi sọ fún un pé mo wà dáadáa. Ọjọ́ yẹn ló mọ̀ pé bí mo ṣe purọ́ nípa èkùrọ́ ni mo ṣe purọ́ nípa ìyẹn náà.

"Bísí," ló wí. "Kí ni nǹkan ọmọ mi tó wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Ẹ̀gbọ́n, kò sí—"

"Mo ní kí ni nǹkan ọmọ mi tó wà lọ́wọ́ rẹ?"

"Pásípọ́ọ̀tù ẹ̀ nìkan ni. Mo ń bá a tọ́jú ẹ̀ ni."

"Lọ gbé e. Mò ń dúró."

Ó sáré wọlé. Mi ò rí i kó sáré rí. Ó gbé e wá, ó nà án sí mi, mo gbà á. Ọwọ́ kan ni mo fi gbà á, mi ò sì kúnlẹ̀.

"Ṣé ó ti dé ọwọ́ ẹ, ọmọ mi?"

"Ó ti dé ọwọ́ mi, Ìyá."

"Ṣí i wò. Ṣé ìwọ ni?"

"Èmi ni, Ìyá."

"Ṣé ẹ ti ń rán aṣọ?"

Mo wo Àǹtí Bísí lójú. "Rárá, Ìyá. Ọkọ̀ ni mò ń fọ̀. Wọn ò fi ẹ̀rọ hàn mí rí."

"Mo gbọ́."

Àǹtí Bísí fi ẹnu súnmọ́ fóònù. "Ẹ̀gbọ́n, ṣé ó ti tán báyìí? Ṣé kò ní dún mọ́?"

"Ìlobù ni mo wà, Bísí," ni ìyá mi wí. "Kí ni mo mọ̀ nípa mọ́tò?"

Mo kúrò nílé rẹ̀ lọ́jọ́ kẹrin. Ìlú mìíràn ni mo wà báyìí, lọ́dọ̀ bàbá òyìnbó kan tó ń tún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣe. Òun a máa wà á, èmi á sì máa tẹ́tí lẹ́yìn. Bí mo bá ti rí ibi tó ti ń dún, màá fi ìka gbá ògiri lẹ́ẹ̀mejì, á dá ọkọ̀ dúró. Kò nílò kí n sọ̀rọ̀, ó sì ń pọ́n mi lé. Mo ní yàrá kan. Fèrèsé rẹ̀ máa ń mì bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́, bàbá náà sì ní òun á bá mi fún un le. Mo ní kó má ṣe é. Ibi tó bá dákẹ́ tán, mi ò lè sọ pé ilé mi ni.

Wọ́n sọ fún mi pé Àǹtí Bísí ń sọ káàkiri Ìfọ́n pé ìyá mi ló fi oògùn ránṣẹ́ sí òun. Ìdí tí mo fi kọ ìwé yìí nìyẹn. Ìyá mi kò fi nǹkan kan ránṣẹ́. Ọwọ́ èmi ni. Mẹ́rin ni, ẹyọ kan lo rí, Àǹtí. Mẹ́ta wà níbẹ̀.

Ní Jímọ̀ tó kọjá, ìyá mi pè mí. Ó ní, "Bísí pè mí lánàá. Ó ń sunkún. Ó ní ọkọ̀ náà ṣì ń dún, kí n bá òun bẹ̀ ẹ́, kí o sọ ibi tó ti ń dún, nítorí ìwọ lo rí i nígbà kan."

Mo béèrè bóyá ó tọrọ àforíjì. Ó ní rárá, pé ariwo náà nìkan ló sọ̀rọ̀ rẹ̀.

"Ṣé kí n sọ fún un pé wàá sọ ọ́?"

Mo rò ó wò. Mo rò ó dáadáa, nítorí ìyá mi ló béèrè.

"Rárá, Ìyá."

"Ó dáa," ló wí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í sọ fún mi bí òjò ṣe rọ̀ tó lọ́sẹ̀ yẹn.